Àmì Kékeré tó Wà Níwájú Ọjọ́ Ìbí Ìyá Mi

Ní ọ̀sán ọjọ́ Tuesday kan ni ìyá mi pè mí níbi iṣẹ́ pé òun ti di ẹni ọdún méjìdínlógójì. Kíláàsì ni mo wà, àwọn ọmọ ń lu kíbọ́ọ̀dù bí ẹni tó ń gún ata, mo sì rò pé ariwo wọn ni kò jẹ́ kí n gbọ́ dáadáa. Mo jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"Màmá, ṣé ara yín le?"

"Ara mi le. Káàdì yìí ni ara rẹ̀ kò le."

Ó ní wọ́n ti pín káàdì ẹgbẹ́, òun kò sì rí ara òun láàárín àwọn ojúgbà òun. Àárín àwọn ọmọ tí òun kọ́ ní A, B, D, tí òun nu imú fún, ni wọ́n gbé òun jù sí. Mo bú sẹ́rìn-ín. Kò yẹ kí n ṣe bẹ́ẹ̀, nítorí ó gbọ́ ọ, ó sì pa fóònù mọ́ mi létí. Ẹni ọdún márùndínláàádọ́ta ni mí. Bí a bá ní ká tẹ̀lé káàdì yẹn, àbúrò mi ni ìyá tó bí mi, mo sì fi ọdún méje jù ú lọ.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Olúkúlùkù ló ní rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ tirẹ̀. Àwọn tí wọ́n bí láàárín ọdún mẹ́ta síra wọn á wà nínú ẹgbẹ́ kan, wọ́n á jọ jókòó, wọ́n á jọ jáde, wọ́n á sì máa sin ara wọn títí yóò fi ku ẹyọ ẹnì kan. Àwọn tó bá tẹ̀lé yín, àbúrò yín ni wọ́n, ẹ lè rán wọn níṣẹ́ tí irun wọn ì báà ti funfun tán. Ẹ lè jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n, ẹ lè kọ́ ilé mẹ́fà sí Èkó, kò kan ẹnikẹ́ni. Ìgbà wo ni wọ́n bí ẹ? Ìbéèrè tó wà níbẹ̀ nìyẹn.

Lọ́dún náà, ìgbìmọ̀ àdúgbò wa ní àwọn ènìyàn ti ń yọ́ wọ ẹgbẹ́ tí kì í ṣe tiwọn nítorí pé ọ̀rẹ́ wọn wà níbẹ̀. Wọ́n ní kí gbogbo obìnrin gba káàdì tó ní ọjọ́ ìbí lára, àti pé ìdí àwọn tí káàdì bá pín ọ mọ́ ni wàá jókòó sí lọ́jọ́ tí gbogbo ẹgbẹ́ bá jáde lọ́dọọdún. Ọmọ ẹnì kan tó wà ní Èkó bá wọn ṣe fọ́ọ̀mù tí à ń fi fóònù kún. Èmi ni mo kún ti ìyá mi. Mo béèrè ọjọ́ ìbí rẹ̀, ó ní kí n wò ó nínú fáìlì. Mo wò ó nínú ìwé ìbúra ọjọ́ orí tí wọ́n fi gbà á síṣẹ́ tíṣà, mo sì kọ ọ́ bí mo ṣe bá a. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni gbogbo rẹ̀ gbà mí. Ìyà ìṣẹ́jú mẹ́ta náà ni mo fi ọ̀sẹ̀ méjì jẹ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn mo yà sọ́dọ̀ rẹ̀ kí n lè bẹ̀ ẹ́. Ó gbé káàdì náà sórí tábìlì, ó fi àwo bò ó bí ẹni bo ẹja kí ológbò má baà gbé e. Ó ní, "A ti ku mẹ́rin nínú ẹgbẹ́ wa ní àdúgbò yìí. Ọ̀rẹ́ mi tó ti kó lọ sí Ìjẹ̀bú-Imusin, ọ̀kan nínú wa, ń fi ọ̀pá rìn báyìí. A ti jọ sọ ọ́ pé ọdún yìí la máa jáde kẹ́yìn. Mi ò lè máa wò ó lókèèrè níbi tí mo bá ti jókòó ti àwọn ọmọ kéékèèké."

Mo ní kó fọkàn balẹ̀, pé àṣìṣe kọ̀ǹpútà ni, àti pé ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà kò lè ju agbára mi lọ. Ìgbéraga mi nìyẹn, ẹ jẹ́ kó wà ní àkọsílẹ̀.

Ẹni tó ń tọ́jú orúkọ ni akọ̀wé ìgbìmọ̀, ìyá àgbà kan tó ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ rí. Mo lọ bá a nílé rẹ̀ ní Mọ́lípà lọ́jọ́ kejì. Fóònù rẹ̀ kò dákẹ́ látìgbà tí mo ti wọlé, nítorí kì í ṣe ìyá mi nìkan ni ọ̀rọ̀ kàn. Gbogbo àgbà obìnrin àdúgbò ni káàdì sọ di ọmọdé. Ẹni tó ní ọmọ-ọmọ tó ti relé ọkọ ti di ẹni ọgbọ̀n ọdún. Mọ́kànlá nínú wọn, àwọn tí wọn kò mọ ọjọ́ ìbí wọn rárá, ni káàdì ní wọ́n bí lóru ọjọ́ kan náà, ọjọ́ ọdún tuntun, ní aago kan géérégé.

Mo ní, "Mà, ẹ jẹ́ kí n rí bí orúkọ ṣe wà kí wọ́n tó tẹ káàdì."

Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀ hàn mí. Orúkọ wà lápá kan, nọ́ńbà gbọọrọ wà lápá kejì. Níwájú orúkọ ìyá mi, nọ́ńbà mẹ́sàn-án ló tò tẹ̀léra. Ó ní, "Èyí gan-an ló ń dààmú mi. Mo rò pé nọ́ńbà fóònù ni."

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yìí ṣe jẹ́. Kọ̀ǹpútà kò mọ oṣù, kò mọ ọdún. Ìṣẹ́jú àáyá ló ń kà, ó sì bẹ̀rẹ̀ ìkà rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní ọdún 1970. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà, nọ́ńbà lásán ni yóò fi kọ ọ́ sílẹ̀. Ohun tó bá ṣẹlẹ̀ ṣáájú rẹ̀, nọ́ńbà náà ni, ṣùgbọ́n àmì máínọ́ọ̀sì á wà níwájú rẹ̀. Irinṣẹ́ kékeré kan wà lórí kọ̀ǹpútà mi tó ń tú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀. Kò ní àwòrán, kò ní ohun tí ẹ lè fọwọ́ kàn. Ojú dúdú kan lásán ni: ẹ ó tẹ orúkọ rẹ̀, ẹ ó tẹ nọ́ńbà yín, ẹ ó sọ pé àkókò Nàìjíríà lẹ fẹ́, á sì fi ìlà kan ṣoṣo dá yín lóhùn, ọjọ́, oṣù, ọdún, aago. Ẹ tún lè fún un ní ọjọ́ kó fún yín ní nọ́ńbà. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ nítorí kì í sọ ju ohun tí mo bi í.

Mo gbé kọ̀ǹpútà mi jáde nínú báàgì, mo tẹ nọ́ńbà ìyá mi sí i. Ó ní wọ́n bí i ní oṣù karùn-ún, ní aago méjì òru, ọdún mẹ́tàdínlógún lẹ́yìn tí kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ ìkà. Mo fi máínọ́ọ̀sì síwájú nọ́ńbà kan náà, mo tún un tẹ̀. Ó ní oṣù kẹjọ, ọ̀gànjọ́ òru, ọdún mẹ́tàdínlógún ṣáájú kí kọ̀ǹpútà tó bẹ̀rẹ̀ ìkà. Ọjọ́ inú ìwé ìbúra gan-an nìyẹn. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi.

"Mà, níbo ni máínọ́ọ̀sì tó wà níwájú àwọn nọ́ńbà yìí wà?"

"Èwo ni máínọ́ọ̀sì?"

"Ìlà kékeré. Bí èyí."

"Háà. Ìlà yẹn." Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. "Mo pa wọ́n rẹ́. Wọn kò dára lójú. Àwọn kan ní ìlà, àwọn kan kò ní. Mo rò pé ìlà tí wọ́n fi ń to orúkọ ni, pé ọmọ Èkó yẹn ló gbàgbé láti fi sí ti àwọn yòókù. Ọjọ́ méjì ni mo fi yọ wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan."

"Mà, àmì yẹn ló sọ pé àgbà ni wọ́n."

"Tíṣà, ta ni wọ́n ń fi ìyọkúrò bí?"

Mo ṣàlàyé. Mo fa ìlà gbọọrọ sórí bébà, mo fi òdo sáàárín, mo ní àwọn àgbà wà lápá òsì, àwọn ọmọ wà lápá ọ̀tún. Ó wo bébà náà. Ó ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, ẹni tó dàgbà jù ni nọ́ńbà rẹ̀ kéré jù, ìyẹn kò sì bọ́gbọ́n mu, pé ní ilé-ìwé tí òun darí, ọmọ tó bá kọ irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀, òun á fà á létí. Ìyá yìí fi ọgbọ̀n ọdún ó lé fa ọmọ létí, mo sì rí i pé ó ń wo tèmi. Mo bi í bóyá ìwé ti tẹ́lẹ̀ wà, èyí tó ní ìlà. Ó ní òun kì í tọ́jú ìdọ̀tí.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe jókòó láti aago mẹ́rin. Igba orúkọ ó lé. Èmi á pe orúkọ, òun á ní, "Àgbà ni, fi ìlà rẹ̀ sí i," tàbí, "Ọmọ lèyí, má fi nǹkan kan sí i." Kò sí ẹni tí kò mọ̀. Ó mọ ẹni tó fi oṣù méjì ju ẹnì kejì lọ, ó sì mọ ìdí tí àwọn méjèèjì kì í fi kí ara wọn. Bí mo bá tẹ nọ́ńbà kan tán, á ní kí n dúró, á sọ ìtàn ìyá ẹni náà fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀. Nígbà mìíràn á pe ẹnì kan lórí fóònù láti bi í bóyá òótọ́ ni pé kò tíì pé ọgọ́ta ọdún, ọ̀rọ̀ á sì di ìjà. Ẹ̀pà tó gbé síwájú mi tán, orí ń fọ́ mi. Ní ti àwọn mọ́kànlá tí wọ́n bí pọ̀ lóru ọjọ́ ọdún, mo ṣàlàyé pé àyè òfìfo ni kọ̀ǹpútà sọ di òdo, òdo sì ni ìbẹ̀rẹ̀ ìkà. Ó ní òun mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé wọn kì í ṣe ìbejì.

Nígbà tí a parí, gbogbo ẹni tó jẹ́ àgbà ti padà di àgbà. Mo pe ìyá mi láti ojú títì pé ọ̀rọ̀ ti tán. Ó súre fún mi gan-an.

Ọ̀rọ̀ kò tán. Káàdì tuntun jáde ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, ojúgbà ìyá mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì bá ara wọn nínú ẹgbẹ́ wọn. Ìyá mi nìkan ni káàdì fi sínú ẹgbẹ́ tó tẹ̀lé tiwọn. Ó ránṣẹ́ pè mí. Nígbà tí mo dé ibẹ̀, kò bínú mọ́, ìyẹn ló sì kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí.

"Àwọn wọ̀nyí kì í ṣe ẹgbẹ́ mi. Àbúrò wa ni wọ́n."

Mo gbé kọ̀ǹpútà jáde, mo tẹ nọ́ńbà, mo fi hàn án. "Màmá, ẹ wò ó. Oṣù kẹjọ. Ọjọ́ tó wà nínú ìwé yín náà nìyí. Kò sí àṣìṣe kankan mọ́."

"Mo ní wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ mi."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n wò ó nínú fáìlì. Ohun tí mo rí ni mo kọ. Ṣé kí n bá ìwé jà ni?"

Mo mọ̀ pé ohùn mi ti ga. Bí iná kò bá tán láṣọ, ẹ̀jẹ̀ kì í tán léèékánná, ọ̀rọ̀ yìí kan ṣáà ti mú mi lómi. Mo ti fi gbogbo ìrọ̀lẹ́ kan jẹ ẹ̀pà nílé onílé nítorí rẹ̀. Ìyá mi wo ojú dúdú kọ̀ǹpútà náà, ó wo mí, ó ní kí n pa á dé. Mo pa á dé. Ó bi mí bóyá mo ti jẹun. Mo ní mi ò jẹ. Ó bu ìkókoré fún mi, ó sì jókòó tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán. Mo lọ sílé pẹ̀lú ìbínú, mo ń sọ fún ara mi pé ogbó ló ń ṣe é, pé ó ti ń gbàgbé. Ojú tì mí pé mo rò ó bẹ́ẹ̀.

Ní ọjọ́ Thursday ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti Ìjẹ̀bú-Imusin wá, tòun ti ọ̀pá rẹ̀, nínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Mo bá a ní pálọ̀ ìyá mi nígbà tí mo ń bọ̀ láti ilé-ìwé. Obìnrin yìí kò ga ju tábìlì lọ púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ mú. Mo dọ̀bálẹ̀, mo sì ṣàròyé fún un bí mo ṣe tún gbogbo nǹkan ṣe tí ìyá mi kò sì gbà.

Ó ní, "Èmi àti ìyá rẹ, oṣù méjì ló wà láàárín wa. Òun ni ẹ̀gbọ́n. Ọmú ìyá rẹ̀ ni wọ́n fi ń rẹ̀ mí lẹ́kún bí ìyá mi bá lọ sóko. Ọdún wo ni kọ̀ǹpútà rẹ ní wọ́n bí mi?"

Mo rántí. Ó ju ìyá mi lọ ní ọdún mẹ́ta ó dín díẹ̀. Mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ó yíjú sí ìyá mi. "O ò tíì sọ fún un?"

Ìyá mi dìde, ó ní omi ń hó lórí iná. Mi ò gbúròó iná kankan. Nígbà tó padà, ó fi ojú bẹ ọ̀rẹ́ rẹ̀, wọ́n sì yí ọ̀rọ̀ sí ti gbàgede ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń tún ṣe ní Odogbolu. Èmi jókòó síbẹ̀, mo ń wo àwọn méjèèjì. Ó ti yé mi pé ìwé ni kò tọ̀nà, pé kọ̀ǹpútà kò ṣe nǹkan kan. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ìjọba kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni nílẹ̀ yìí, ṣùgbọ́n ìyá mi ni mo ń sọ yìí, obìnrin tó nà mí nígbà kan nítorí pé mo sọ pé mo ti wẹ̀ nígbà tí mi ò tíì wẹ̀. Inú bí mi sí i. Mo rò ó pé ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi ń wá àmì kékeré kiri, nígbà tí ẹni tó ni ọjọ́ ìbí mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wà tí kò sì sọ ọ́.

Nígbà tí mo ń sin ìyá àgbà náà lọ sídìí kẹ̀kẹ́, ó dì mí lọ́wọ́ mú. Ìjẹ̀bú pọ́ńbélé ló fi sọ ọ́: "Bí ò bá rè, mé è rè." Bí ìyá mi kò bá lọ, òun náà kò lọ. Ó ní kí n sọ fún un.

Mo sọ fún un. Ìyá mi ní òun gbọ́.

Ọjọ́ Saturday ni ìgbìmọ̀ jókòó fún ìgbà ìkẹyìn lórí ọ̀rọ̀ káàdì, ní gbọ̀ngán ilé-ìwé kan. Wọ́n ní kí n mú kọ̀ǹpútà mi wá, nítorí pé láti ìgbà tí mo ti ran akọ̀wé lọ́wọ́ ni mo ti di òṣìṣẹ́ wọn láìgba ìwé. Bí wọ́n bá pe ẹnì kan, á sọ ẹ̀dùn ọkàn rẹ̀, akọ̀wé á wo ìwé rẹ̀, èmi á tú nọ́ńbà rẹ̀. Àwọn tí òdo bá, wọ́n mú ẹlẹ́rìí wá. Ẹnì kan ní òun lọ́mọ ọwọ́ nígbà ọ̀dá kan báyìí, mo ní kọ̀ǹpútà kò mọ ọ̀dá, ó fẹ́ ọjọ́, oṣù àti ọdún. Ó ní kí n bi kọ̀ǹpútà bóyá òun ló bí ọmọ náà ni.

Ìyá mi dé ní aago mọ́kànlá. Kò sọ fún mi pé òun ń bọ̀. Ó wọ bùbá funfun, fáìlì rẹ̀ wà lábíyá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ sì fara tì í láti ilẹ̀kùn títí dé iwájú. Alága, bàbá kan tó jẹ́ pé ó rọra ń sọ̀rọ̀, ní kí wọ́n fún wọn ní àga. Akọ̀wé ka ìwé ìbúra náà sókè. Ó ní ìgbìmọ̀ ti pinnu pé ẹni tó bá ní ìwé kóòtù, ìwé náà la máa tẹ̀lé.

Alága ní, "Màmá, ẹ má jẹ́ kó dùn yín. Nínú ẹgbẹ́ tí káàdì fi yín sí yìí, ẹ̀yin lẹ máa dàgbà jù. Ẹ̀yin ni wọ́n máa fi ṣe Ìyá Ẹgbẹ́. Wọ́n á máa kúnlẹ̀ kí yín."

Àwọn kan ní bẹ́ẹ̀ ni, pé oyè ló bá a lójijì. Mo rò pé yóò gbà. Èmi ìbá gbà á ní tèmi, bó bá jẹ́ kí n tètè ríbi lọ sílé.

Ìyá mi kò jókòó. Ó ní, "Ìwé yẹn, irọ́ ló wà nínú rẹ̀. Èmi ni mo búra sí i."

Gbogbo òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì tó wà níbẹ̀ wo ilẹ̀, wọ́n sì pọ̀. Akọ̀wé pàápàá rí nǹkan wò nínú báàgì rẹ̀.

"Mo wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí àìsàn dá ìyá mi dùbúlẹ̀ ní oko wa lọ́nà Ìjẹ̀bú-Ifẹ̀. Èmi ni àkọ́bí. Wọ́n yọ mí kúrò nílé-ìwé kí n lè máa tọ́jú rẹ̀, kí n sì máa pọn àbúrò mi. Ọdún mẹ́ta ni. Mo máa ń gbọ́ agogo ilé-ìwé níbi tí mo bá ti ń fọ aṣọ tó dọ̀tí lára rẹ̀. Ìgbà tó kú ni mo padà. Mo ti ga ju gbogbo kíláàsì lọ, wọ́n ń pè mí ní ìyá ìyàwó. Nígbà tí mo fẹ́ wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn tíṣà, wọ́n ní mo ti dàgbà jù. Bàbá mi mú mi lọ sí kóòtù. Bàbá mi tó ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì ni o. Ó ní kí n yọ ọdún mẹ́ta yẹn kúrò, pé mi ò kúkú fi wọ́n ṣe nǹkan kan. Mo gbé ọwọ́ sókè, mo búra."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ fi ọ̀pá rẹ̀ kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó ní, "Mo wà níbẹ̀. Èmi ni mo ń bá a pọn omi."

Ìyá mi ní, "Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń bẹ̀rù pé ẹnì kan á bi mí. Mo fẹ̀yìn tì, mi ò sọ. Mo sin ọkọ mi, mi ò sọ fún un. Ọmọ mi tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà yẹn, òní ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́."

Òótọ́ ni. Ìbínú tí mo gbé wọlé láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo wá a, mi ò rí i mọ́. Mo mọ̀ pé ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní kékeré. Mi ò mọ̀ rí pé òun ló tọ́jú rẹ̀. Mi ò bi í rí. Mo bi kọ̀ǹpútà ní ohun púpọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì yẹn, mi ò bi ìyá mi ju ìgbà kan lọ, ó sì ní kí n wò ó nínú fáìlì.

Alága nu ojú. Ó bi akọ̀wé bóyá ó ní ohun tó fẹ́ sọ. Akọ̀wé ní kò sí. Alága ní kí n yí i padà.

Mo béèrè ọjọ́. Ìyá mi ní ọjọ́ àti oṣù kò yí padà, pé ọdún nìkan ni wọ́n gbà lọ́wọ́ òun. Mo tẹ ọjọ́ náà, mo tẹ oṣù, mo tẹ ọdún tó tọ́. Irinṣẹ́ mi dá nọ́ńbà tuntun padà ní ìlà kan, máínọ́ọ̀sì wà níwájú rẹ̀. Mo yọ nọ́ńbà àtijọ́ kúrò nínú rẹ̀ kí n lè rí ohun tó wà láàárín wọn. Ìṣẹ́jú àáyá mílíọ̀nù mẹ́rìnléláàádọ́rùn-ún ni, ó lé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọdún mẹ́ta gbáko nìyẹn.

Akọ̀wé mú bírò, ó kọ ọjọ́ tuntun náà sínú ìwé ìgbìmọ̀, ó ṣí i sí ibi tí a ń fọwọ́ sí. Ọ̀gá ilé-ìwé ni títí dòní, ó ní láti béèrè.

"Ọdún mẹ́ta tí ẹ fẹ́ ká fi kún un yìí, Màmá, ṣé ó dá yín lójú?"

Ìyá mi gba bírò lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ó dá mi lójú. Èmi ni mo lò wọ́n."